Ọ̀rá Tí Ìyá Mi Fi Wé Básíkù Bàbá

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ máa ń ka nǹkan tí mo bá kọ síbí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé mo dákẹ́. Ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tó fà á fún yín, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n ni, nínú ilé bàbá tó bí mi lọ́mọ. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló mú mi o. Básíkù ló fi mí sẹ́wọ̀n.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Mo ń dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé télọ̀ ni mí. Nígbà tí ìyá mi kú, èmi àti Ràdíyà ọmọ mi kó padà sílé wa ní Ẹdẹ ká lè máa wà lọ́dọ̀ Bàbá. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ó ń wá wò wá bó bá ráyè. Yàrá iwájú ni mo gbé máṣíìnì mi sí, lẹ́bàá fèrèsé. Ohun tó sì dojú kọ fèrèsé yẹn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni básíkù Bàbá, tó fẹ̀yìn ti ògiri.

Ìyá mi ló ra básíkù náà fún Bàbá. Aṣọ ni wọ́n ń tà, wọ́n sì mọ nǹkan í tọ́jú. Ṣé ẹ mọ àwa àti ọ̀rá? Tá a bá ra àga tuntun, a ò ní ya ọ̀rá ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n, a ò ní ya tiẹ̀. Rìmóòtù ńkọ́? Inú ọ̀rá ló máa wà títí nọ́ńbà ara ẹ̀ á fi pa rẹ́. Tìyá mi tiẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọ̀rá tó bá básíkù wá fẹ́lẹ́ jù. Wọ́n wá ọ̀rá tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù aṣọ, wọ́n gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wé e mọ́ gbogbo irin básíkù náà látiwájú dẹ́yìn, wọ́n sì fi òwú rán an pinpin. Wọ́n ní òjò àti iyanrìn ò gbọdọ̀ fojú kan ọ̀dà ẹ̀.

Ìyá mi ti lọ báyìí, ọ̀rá yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó sì ti le, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo ọjọ́ Àlàmísì ni Bàbá máa ń fi àkísà tútù nù ún, kó lè mọ́ de Jímọ̀.

Ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, Bàbá ń bọ̀ láti oko wọn lọ́nà Sekona ni. Ewúrẹ́ kan bẹ́ sójú ọ̀nà, Bàbá yà fún un, táyà iwájú sì lọ forí sọ símẹ́ǹtì afárá kékeré kan. Básíkù dúró síbẹ̀, Bàbá fò lọ sínú koríko. Àwọn tó ń kọjá ló gbé wọn dìde. Ìgbọ̀nwọ́ wọn bó díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Àlìhámídù.

Ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú ẹ̀ nílé wa. Ẹ kú ewu níhìn-ín, Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí sí lọ́hùn-ún. Mo dín mọ́sà, a fi ṣe sàráà fáwọn ọmọ ilé-kéú, wọ́n ṣàdúà, wọ́n ní ewu ti rékọjá. Wọ́n yẹ Bàbá wò látorí dé ẹsẹ̀, wọ́n fi òrí pa wọ́n lápá. Kò sẹ́nì kan tó bi básíkù pé báwo ni tiẹ̀. Ọwọ́ básíkù tó wọ́, Bàbá fi orúnkún méjèèjì di táyà iwájú mú, wọ́n fagbára yí i padà sójú ẹ̀. Wọ́n lu aago, aago dún. A ti jẹ mọ́sà, a ti ṣe àmín, kí ló tún kù?

Ìró kan ló kù.

Ọ̀sán-ọ̀sán ni Bàbá máa ń gbé Ràdíyà sórí káríà ẹ̀yìn básíkù lọ sí ilé-kéú. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣubú, wọ́n ń lọ, wọ́n tẹ bíréèkì lẹ́nu géètì, mo sì gbọ́ ọ láti ìdí máṣíìnì mi: kẹ́. Mo ní bóyá òkúta ni. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, kẹ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, kẹ́. Kì í dún tí wọ́n bá ń wà á lọ wọ́ọ́rọ́. Àfi tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Iwájú ló ti ń wá, lábẹ́ ibi tí ọwọ́ básíkù ti wọlé, nínú ọ̀rá lọ́hùn-ún.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan. Aṣọ tó bá fẹ́ ya, ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo lọ bá Bàbá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, básíkù yìí ń dún o. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orúnkún àwọn náà máa ń dún báwọn bá ń dìde lórí ìrun, ṣé mo fẹ́ kí wọ́n gé orúnkún náà ni? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá ní ká kàn ṣí ọ̀rá iwájú yẹn díẹ̀, ká yọjú wo abẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rín tán lójú wọn.

“Múnírátù,” wọ́n ní, “ọwọ́ ìyá ẹ ló wé e.”

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé.

Mo ronú ọgbọ́n mìíràn. Mo ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Kàmọ́rù, ẹni tó ń tún básíkù ṣe lọ́nà ọjà, pé kí wọ́n wá bá wa sáàfíìsì básíkù Bàbá. Wọ́n dé, wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n yí táyà méjèèjì wò bóyá ó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sípóòkù tó ti dẹ̀, wọ́n dì í le. Rọ́bà bíréèkì ti jẹ tán, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n fi òróró sí ṣéènì, wọ́n di gbogbo nọ́ọ̀tù tójú wọn rí. Ìgbà tọ́wọ́ wọn dé iwájú, níbi tí ọ̀rá ti nípọn jù, wọ́n dúró. Wọ́n wo ọ̀nà ilé, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àǹtí, ohun tójú mi rí ló dáa o. Èyí tójú mi ò rí, mi ò lè sọ fún yín pé ó dáa. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́ pé mi ò gbọdọ̀ tú u.”

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní básíkù tó bá forí sọ nǹkan, ibi téèyàn máa kọ́kọ́ wò ni ìsàlẹ̀ ọwọ́ ẹ̀, níbi tí irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ ti pàdé. Tí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti kákò, tàbí tí ìlà tín-ínrín bí irun orí bá wà níbẹ̀, kéèyàn má gùn ún mọ́. Wọ́n ní ó lè pẹ́ kó tó já, ó sì lè já lọ́la.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọgbọ́n mi wá bí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sílé wa pé Kàmọ́rù ti yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Èmi tí mo pe ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí ti di ti wọn.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ mú Ràdíyà lọ sí ilé-kéú. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo ní mo fẹ́ ra òwú. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá ti gbé básíkù sójú ọ̀nà, wọ́n ń dúró, wọ́n sì rí i tí mo di ọwọ́ ọmọ mú.

“Ṣé ojú mi ni ò ríran mọ́ ni, àbí ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n?”

Mo ní ó tì o, Bàbá, básíkù ni mò ń wí.

“Básíkù tí Kàmọ́rù ti tún ṣe? Sọ pé mo ti darúgbó, kó o jẹ́ n gbọ́.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa irin, ọjọ́ orí wọn ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Wọn ò bá mi jẹun pọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìbàdàn, ó ní kí ló dé tí mò ń fojú Bàbá gbolẹ̀, pé ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tó ń múnú wọn dùn ni kí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wọn sẹ́yìn. Ràdíyà alára ń sunkún pé òun fẹ́ gun básíkù. Ilé ńlá, ẹnu ọ̀nà méjì, mi ò ríbi gbà jáde.

Mo juwọ́ sílẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ẹ má bi mí báwo ló ṣe rí lára mi. Wọ́n á tẹ bíréèkì ní géètì, màá gbọ́ kẹ́, àyà mi á já. Láti ìgbà yẹn títí wọ́n á fi padà, mi ò lè rán nǹkan tó gún. Mo rán apá yunifọ́ọ̀mù kan mọ́ ibi ọrùn. Nígbà tó bá wá ku díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, màá tún gbọ́ kẹ́ lẹ́nu géètì, màá sì mọ̀ pé wọ́n ti dé láyọ̀. Ìró tó ń bà mí lẹ́rù náà ni mo wá ń retí bí ẹni ń retí oúnjẹ. Ṣé ẹ rí irú ìyà yẹn rí?

Bẹ́ẹ̀, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá ń sun oorun ọ̀sán, mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ síwájú básíkù, mo fi ẹnu sísọ́ọ̀sì sábẹ́ òwú. Mo wá rí ojú rírán náà. Rírán oníméjì, kókó kan lẹ́yìn gbogbo ìbú ọwọ́ kan. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ní rírán nìyẹn nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ tí ń gbá ilẹ̀ lọ. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mi ò lè gé e. Mo wọlé padà. Mo ti ń bínú sí Bàbá láti ọjọ́ yìí, okùn kan náà ló so àwa méjèèjì.

Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ mi ló ń jókòó lẹ́yìn nǹkan yìí. Mo pinnu pé màá gbé e jáde kúrò nílé, síbi tí ojú Bàbá ò sí, màá sì tú u níbẹ̀, kó dà bó ṣe máa dà.

Mo lọ bá Bàbá, mo ní mo fẹ́ kó aṣọ tí mo rán lọ fún oníbàárà kan ní Sekona, ṣé wọ́n lè yá mi ní básíkù. Ojú wọn là. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn. Wọ́n ní ṣé mo ti wá rí i báyìí pé kò ṣe nǹkan kan? Àwọn fúnra wọn ló so báàgì aṣọ mọ́ ọn. Kí n tó lanu, wọ́n ti gbé Ràdíyà sókè, wọ́n ti gbé e kalẹ̀ lórí káríà.

“Ẹ jọ máa lọ. Ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń sunkún.”

Wọ́n wá dúró sẹ́nu géètì, wọ́n fọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń wò wá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ̀ bá ṣe? Ẹ máa sọ pé ẹ ò ní gùn ún. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gùn ún. Mo rọra ń wà á, mi ò fọwọ́ kan bíréèkì, mo kàn ń ka ilé tá a ń kọjá títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà, kí ojú Bàbá lè kúrò lára wa. Mo gbàgbé pé béèyàn bá ti yà níbẹ̀, ilẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀.

Básíkù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo tẹ bíréèkì. Kò dún kẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dún kẹ́ẹ́ẹ́, ó fà á gùn, ọwọ́ básíkù sì rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mò ń yí i, básíkù ò gbọ́ràn. Mo ju ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, mo fi ń wọ́ ilẹ̀, bàtà kan bọ́, mo darí gbogbo ara sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí iyanrìn wà. A ṣubú sínú iyanrìn, èmi nísàlẹ̀, Ràdíyà lórí mi.

Ràdíyà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ká tún un ṣe.

Mo fa básíkù sábẹ́ igi kan, mo yọ sísọ́ọ̀sì. Ọmọ náà di aṣọ mi mú.

“Màámi, Bàbá àgbà máa bínú o.”

“Jẹ́ kí wọ́n bínú, kí ìwọ ṣáà ní eyín tó o máa fi bẹ̀ wọ́n.”

Mi ò gé e. Mo tú u. Mo fi ṣóńṣó sísọ́ọ̀sì tú kókó ìyá mi níkọ̀ọ̀kan, mo sì ń ká ọ̀rá náà jọ sórí itan mi. Omi pupa jáde níbẹ̀. Omi òjò tó ti wọlé tí kò rọ́nà jáde ni. Ọ̀rá tó yẹ kó gba irin yẹn lọ́wọ́ òjò, òun ló gba omi mọ́ra tó sì fi ń bu irin jẹ. Níbi tí irin méjèèjì ti pàdé gan-an, ó ti sán, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo. Mo tẹ bíréèkì iwájú, mo ti básíkù síwájú díẹ̀. Ó la ẹnu. Mo fà á sẹ́yìn, ó pa á dé.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Kò sí àṣírí níbẹ̀.

A fẹsẹ̀ rìn padà, mò ń ti básíkù oníhòòhò, Ràdíyà gbé báàgì aṣọ lérí. Bàbá àti àwọn àgbààgbà méjì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán, wọ́n jókòó níta. Wọ́n rí wa látòkèèrè. Bàbá dìde.

“Ta ló tú u?”

Mo kúnlẹ̀ nínú eruku, mo ní èmi ni, Bàbá. Wọn ò wò mí. Wọ́n bi mí bóyá Ràdíyà wà lórí ẹ̀ nígbà tí a ṣubú, torí wọ́n ti rí iyanrìn lórí ọmọ. Mo ní ó wà lórí ẹ̀. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ bíréèkì iwájú, kí wọ́n tì í síwájú.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Irin la ẹnu. Wọ́n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ wọn kúrò lára básíkù, ó lọ bà lé orí Ràdíyà, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gba ọ̀rá tí mo ká jọ lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọn ò jáde jẹun alẹ́. Mo rò pé mo ti ba nǹkan tí kò ní àtúnṣe jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, wọ́n wá dúró níta fèrèsé mi. Wọ́n ti fọ ọ̀rá náà, ó ń kán omi lọ́wọ́ wọn.

“O rántí bí ìyá ẹ ṣe máa ń ra aṣọ?”

Ta ni ò ní rántí? Ìyá mi kì í ra aṣọ láìtú u látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí olówó ẹ̀ tiẹ̀ ń bú wọn. Wọ́n máa ń sọ pé aṣọ tí wọn ò bá jẹ́ kéèyàn tú wò, ó níbi tó ti ya.

“Lóòótọ́, òun ló wé e,” Bàbá ní. “Àmọ́ ká ní ó wà láyé lọ́jọ́ tí mo ṣubú, òun náà ni ì bá kọ́kọ́ tú u. Èmi ni mo dì í mú.”

Wọ́n na ọ̀rá náà sí mi gba ojú fèrèsé, wọ́n ní kí n wo ohun tí mo lè fi rán.

Bọ̀dá Kàmọ́rù ní wọn ò gbọdọ̀ kàn jó irin yẹn pọ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n bá jó ni ó tún máa já. Wọ́n bá wa wá férémù mìíràn, wọ́n kó táyà, ìjókòó àti aago ti èyí tí ìyá mi rà sórí ẹ̀. Èmi wá fi ọ̀rá náà rán ìbòrí fún un, oníbọ́tìnì. Tó bá di ọjọ́ Àlàmísì, Bàbá á tú bọ́tìnì, wọ́n á bọ́ aṣọ básíkù sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á fi ìka tọ gbogbo oríkèé irin ẹ̀ wò, wọ́n á tẹ bíréèkì, wọ́n á yí táyà, wọ́n á fún Ràdíyà ní àkísà pé kó nu ṣéènì. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan ògiri lásán báyìí, wọ́n á bọ́ ọ wò.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé sàráà dáa, àdúà dáa, àmọ́ ká yẹ nǹkan tó ṣubú wò náà. Ká má sì jẹ́ kí ìfẹ́ ẹni tó bo nǹkan dí wa lójú ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá ń dún, ẹ gbọ́ ọ.

Férémù tuntun yìí kì í dún rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e jáde, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mò ń dẹ etí, mi ò gbọ́ nǹkan kan, àyà mi sì já gan-an ni. Mo wá sọ fún Ràdíyà pé tí wọ́n bá ti ń wọ géètì, kó na ọwọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ Bàbá àgbà, kó lu aago.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti fi ọ̀rá bò nílé yín látìgbà tẹ́ ẹ ti rà á, tẹ́ ẹ ò tíì yẹ abẹ́ ẹ̀ wò? Ẹ lọ tú u, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ fún wa nísàlẹ̀ yìí. Mò ń kà á o, àfi tẹ́ ẹ bá rí i pé mo dákẹ́ lójijì. Aago ni mò ń gbọ́ nígbà yẹn.